Ìlànà díjítà àti ibùdó alágbèéká nínú rédíò háàmù

Ìlànà díjítà nínú rédíò háàmù ni àwọn ọ̀nà tí àwọn olùfẹ́ rédíò tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ń gbà fi kọ̀ǹpútà sọ ọ̀rọ̀ di ìró, tí wọ́n sì ń fi ìró náà ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò sí ibòmíràn, níbi tí kọ̀ǹpútà mìíràn ti ń sọ ọ́ padà di ọ̀rọ̀. Ibùdó alágbèéká ni àkójọ ẹ̀rọ rédíò, bátìrì, wáyà áńtẹ́nà àti kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kan lè kó sínú àpò, kí ó sì tò ó pọ̀ lórí òkè, nínú oko tàbí ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, láìsí iná ìjọba. Ohun méjèèjì yìí máa ń rìn pọ̀, nítorí pé ìlànà díjítà kò béèrè agbára púpọ̀. Wáàtì 5, èyí tí kò tó ohun tí ọ̀pọ̀ gílóòbù inú ilé ń lò, lè gbé ọ̀rọ̀ kúkúrú láti Ìkọ̀lé-Èkìtì dé Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ojú ọ̀run bá gbà á láàyè.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn ìlànà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ibùdó alágbèéká nílò, bí ilẹ̀ olókè àríwá Èkìtì ṣe kan iṣẹ́ náà, àti ìṣòro tí àkọtọ́ Yorùbá ń bá pàdé nínú rẹ̀.

Òfin àti àwọn àjọ

Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, ka rédíò háàmù sí iṣẹ́ ìkọ́ra-ẹni, ìbánisọ̀rọ̀ àti ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí àwọn tí a fún ní àṣẹ ń ṣe nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, láìsí èrè owó nínú rẹ̀. Òfin àgbáyé kò gbà kí ibùdó háàmù orílẹ̀-èdè kan fi kóòdù bo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ń bá ti orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀. Èyí mú kí ó yàtọ̀ sí àrokò ayé àtijọ́, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ lè wà láàárín ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan. Ọ̀pọ̀ ìlànà díjítà tí àwọn háàmù ń lò ni a ti kọ àlàyé rẹ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè túmọ̀ rẹ̀.

Ìparapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ háàmù àgbáyé, IARU, ni a dá sílẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1925. Ó pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta. Áfíríkà àti Yúróòpù wà ní Ẹkùn Kìíní. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣojú Nàìjíríà níbẹ̀ ni Nigeria Amateur Radio Society, tí a ń pè ní NARS. Àjọ NCC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ni ó ń bójú tó ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà. Gbogbo ibùdó ni ó ní àmì ìpè tirẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. 5N ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ àmì ìpè Nàìjíríà, TY ni ti Benin, 5V ni ti Tógò, 9G sì ni ti Gánà. Ẹnikẹ́ni lè fi rédíò gbọ́ ohun tí àwọn háàmù ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́.

Ìtàn

Kóòdù Morse, tí ó ń lo ìró kúkúrú àti ìró gígùn, ni baba ńlá gbogbo ìlànà wọ̀nyí, nítorí pé ohun méjì péré, ìró àti ìdákẹ́, ni ó fi ń gbé lẹ́tà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn háàmù bẹ̀rẹ̀ sí lo àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí wáyà tí àwọn ọmọ ogun àti ilé-iṣẹ́ kò lò mọ́. Ìlànà yìí ni a ń pè ní RTTY. Ní ọdún 1978, àwọn háàmù ìlú Montreal ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí dì ọ̀rọ̀ sí ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí packet radio.

Ní ọdún 1998, Peter Martinez, háàmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé PSK31 jáde. Ó fi káàdì ohùn tí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tí ó ń béèrè ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí ènìyàn méjì máa tẹ ọ̀rọ̀ síra wọn ní tààrà. Lẹ́yìn náà ni Joe Taylor, onímọ̀ sánmà ọmọ Amẹ́ríkà, mú ìmọ̀ tí ó fi ń wá àmì tí kò lágbára láti ojú ọ̀run wọ inú rédíò háàmù. Òun àti Russell Hulse ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1993. Ó gbé JT65 jáde ní ọdún 2003, ó sì gbé WSPR jáde ní ọdún 2008. Ní ọdún 2017, òun àti Steve Franke gbé FT8 jáde, èyí tí ó tàn káàkiri ayé láàárín oṣù díẹ̀.

Bí àwọn ìlànà náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ìró, rédíò ni ó ń gbé ìró náà sórí ìgbì. Ní apá kejì, rédíò ń gba ìgbì náà, ó ń sọ ọ́ padà di ìró, kọ̀ǹpútà sì ń túmọ̀ rẹ̀. Okùn kan tàbí méjì láàárín rédíò àti kọ̀ǹpútà ti tó fún èyí. Ohun tí ó mú ìlànà kan yàtọ̀ sí òmíràn ni iye ìró tí ó ń lò, bí ó ṣe ń yára tó, àti bí ó ṣe ń tún àṣìṣe ṣe.

FT8 ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ. Ìró mẹ́jọ ni ó ń lò, 6.25 Hz sì ni ó wà láàárín ìró kan àti èkejì, nítorí náà gbogbo àyè tí ó gbà kò ju 50 Hz lọ. Ó ń kọ ìró 79 tẹ̀ léra wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12.64. A pín àkókò sí ìpín ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ibùdó kan á ránṣẹ́ nínú ìpín kan, á sì gbọ́ èsì nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju bíìtì 77 lọ. A fi bíìtì 14 kún un láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, a sì tún fi 83 kún un láti tún àṣìṣe ṣe, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 174. Nítorí àfikún yìí, bí ariwo bá gbé apá kan nínú ìró náà mì, kọ̀ǹpútà ṣì lè fi ìyókù ṣírò ohun tí ó sọnù. FT8 lè túmọ̀ àmì tí ariwo fi ìlọ́po 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lágbára jù ú lọ, bí a bá wọn ariwo náà nínú àyè 2,500 Hz.

Ìbánisọ̀rọ̀ FT8 kúrú. Ibùdó kìíní á fi CQ, àmì ìpè rẹ̀ àti àpótí tí ó wà nínú máàpù ránṣẹ́, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé ó ń wá ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ibùdó kejì á dáhùn pẹ̀lú àmì ìpè àti àpótí tirẹ̀. Wọn á sọ fún ara wọn bí àmì ti lágbára tó, wọn á sì fi 73, tí í ṣe ìkíni ìdágbére àwọn háàmù, parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ. Orí ìgbì 7.074 MHz, 14.074 MHz, 21.074 MHz àti 28.074 MHz ni a ti sábà máa ń rí FT8.

Aago ṣe pàtàkì. Bí aago kọ̀ǹpútà bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú tàbí rẹ̀yìn, kò ní túmọ̀ ohun tí ó gbọ́ dáadáa. Nílé, íntánẹ́ẹ̀tì ń tún aago ṣe. Níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ GPS kékeré lè ṣe é. Aago UTC ni gbogbo ayé ń lò fún un. Wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo ọdún.

Àwọn ìlànà mìíràn tí a sábà ń lò nìwọ̀nyí:

WSPR kì í ṣe ìbánisọ̀rọ̀. Àmì ìpè, àpótí àti agbára ibùdó nìkan ni ó ń kéde, ìkéde kan sì ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 110. A ń lò ó láti mọ ibi tí ìgbì ń dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

JS8Call, tí ó jáde ní ọdún 2018, gba ọ̀nà ìró FT8, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ènìyàn tẹ ọ̀rọ̀ gígùn, kí ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí ibùdó mìíràn títí ẹni tí ó ni ín yóò fi dé.

Winlink ń gbé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà gba orí rédíò lọ sí ibùdó tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì, láti ibẹ̀ ni ó ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí.

APRS, tí Bob Bruninga dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ń kéde ibi tí ọkọ̀ tàbí ènìyàn wà àti ọ̀rọ̀ kúkúrú fún àwọn tí ó wà nítòsí.

Ohun tí ibùdó alágbèéká nílò

Rédíò tí ń lo wáàtì 5 sí 10 ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ní rédíò oníwáàtì 100 gbọ́dọ̀ dín agbára rẹ̀ kù nígbà tí ó bá ń lo FT8, nítorí pé ìró náà kì í sinmi títí ìṣẹ́jú-àáyá 12.64 yóò fi pé, ooru rẹ̀ sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́.

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù irú LiFePO4 oníhò mẹ́rin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 12.8, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí, nítorí pé ó fúyẹ́ ju bátìrì ọkọ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bí bátìrì bá jẹ́ 20 Ah, tí rédíò àti kọ̀ǹpútà kékeré bá jọ ń gba ámpù 1.5 ní ìpíndọ́gba, yóò tó nǹkan bíi wákàtí 13. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré lè dá ohun tí a lò ní ọ̀sán padà. Jẹnẹrétọ̀ lè gba iṣẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ariwo sílẹ̀ létí, ó sì lè dá a sílẹ̀ lórí ìgbì pẹ̀lú.

Áńtẹ́nà ni ọkàn ibùdó. Èyí tí ó rọrùn jù ni wáyà tí a gé sí ìlàjì gígùn ìgbì, tí a sì fi okùn rédíò bọ́ ọ láti àárín. A ń rí gígùn rẹ̀ ní mítà bí a bá fi MHz pín 143. Fún 14.074 MHz, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 10.2, fún 7.074 MHz, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 20.2. A lè fi ọparun gígùn kan gbé àárín rẹ̀ sókè, kí a sì so etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi nísàlẹ̀. Wáyà náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà iná ìjọba rárá. Bí àrá bá ń sán, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lára rédíò, kí a sì kúrò ní orí òkè, kódà bí òjò kò bá tíì dé.

Láàárín àwọn háàmù, ètò kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2002 tí a ń pè ní Summits on the Air, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gun òkè pẹ̀lú irú ibùdó yìí. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Àríwá Èkìtì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Orúkọ Èkìtì fúnra rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń so mọ́ òkìtì, èyí tí í ṣe òkè. Òkè wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún rédíò. Ìgbì VHF, irú èyí tí APRS àti rédíò àfọwọ́mú ń lò, máa ń rìn ní ọ̀nà tààrà, nítorí náà òkè tí ó wà láàárín ìlú méjì lè dí i. Ẹni tí ó wà lórí òkè á gbọ́ jìnnà, ẹni tí ó wà ní àfonífojì kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni láti ju ìgbì sókè gangan. Bí a bá ta wáyà 7 MHz sílẹ̀ díẹ̀, ní mítà mẹ́ta sí mẹ́fà sí ilẹ̀, púpọ̀ nínú ìgbì rẹ̀ á lọ sókè, ionosphere á sì dá a padà sílẹ̀ bí ẹni tí ń da omi láti òkè. Ní ọ̀sán, ó lè bo gbogbo àyíká dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, láìka òkè sí. Láti Ìkọ̀lé dé Èkó, tí ó jìnnà tó nǹkan bíi 270 km ní ọ̀nà òfúrufú, wà nínú ìwọ̀n yìí. Fún ibi jíjìn, 14 MHz àti èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń lò. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí Ìkọ̀lé tó nǹkan bíi 4,900 km, ìgbì sì sábà máa ń fò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó débẹ̀.

Èkìtì tún sún mọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, tí ó la àríwá Nàìjíríà kọjá. Ní àgbègbè yìí, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ionosphere lè dàrú, pàápàá ní àyíká oṣù Ẹ̀rẹ́nà àti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, kí àmì rédíò sì máa gbọ̀n. WSPR, tí ìró rẹ̀ kò jìnnà síra ju nǹkan bíi 1.5 Hz lọ, ni èyí máa ń pa lára ju FT8 lọ. Ìdàrúdàpọ̀ kan náà lè kan GPS.

Ohun kẹta ni àpótí máàpù. Ìlànà Maidenhead pín ayé sí àpótí tí a ń fi lẹ́tà méjì àti nọ́ḿbà méjì pè. Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó-Èkìtì wà nínú JJ27. Ṣùgbọ́n àpótí náà fẹ̀ tó nǹkan bíi 220 km sí 110 km. Adó-Èkìtì, Àkúrẹ́, Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. FT8 kì í sọ ju JJ27 lọ nínú ìpè rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a mọ ìlú tí òun wà gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà méjì kún un nínú ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí yóò sọ àpótí náà di nǹkan bíi 9 km sí 4.6 km.

Sátẹ́láìtì QO-100, tí a gbé lọ sí òfúrufú ní oṣù Bélú ọdún 2018, fún àgbègbè yìí ní ọ̀nà mìíràn. Ó dúró lójú kan ní orí ìlà 25.9 ní ìlà-oòrùn, ó sì ń bo gbogbo Áfíríkà. Láti Èkìtì, ó ga ju dígírì 60 lọ lójú ọ̀run, nítorí náà òkè kì í sábà dí i. A ń ránṣẹ́ sí i lórí 2.4 GHz, a sì ń gbọ́ ọ lórí nǹkan bíi 10.49 GHz, òjò ńlá lè dín ohun tí a ń gbọ́ kù.

Ìwúlò ní ìgbà ìṣòro

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹ̀rẹ́nà ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà, Gánà, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. Àgbàrá àti omíyalé ọdún 2012 àti 2022 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Nàìjíríà. Ti ọdún 2022 pa ju ènìyàn 600 lọ. Nígbà tí ìjì Maria ba wáyà iná àti òpó fóònù jẹ́ ní Puerto Rico ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ háàmù Amẹ́ríkà, ARRL, rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ síbẹ̀ láti bá Red Cross ṣiṣẹ́.

Ìgbì kúkúrú kò nílò òpó, wáyà abẹ́ òkun tàbí ilé-iṣẹ́ kankan láàárín ẹni méjì tí ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò fóònù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé kéré. Ohun tí ó lè gbé ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù: ibo, kí ni, mélòó, nígbà wo. Ẹni tí kò bá ti fi í dánra wò kí ìṣòro tó dé kì í sì rí i lò nígbà tí ó bá dé.

Àkọtọ́ Yorùbá lórí ìlànà díjítà

Àwọn ìlànà wọ̀nyí ni a kọ́kọ́ ṣe fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè dá kọ nínú FT8 kò ju lẹ́tà 13 lọ, àmì 42 péré ni ó sì mọ̀: àlàfo, nọ́ḿbà mẹ́wàá, lẹ́tà ńlá 26 ti Gẹ̀ẹ́sì àti àmì márùn-ún. Kò sí Ẹ, Ọ, Ṣ tàbí àmì ohùn kankan. Kóòdù Morse tí ITU fọwọ́ sí kò ní lẹ́tà alámì ju É kan ṣoṣo lọ. PSK31 lè gbé á, à, é, è àti irú wọn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú àkójọ lẹ́tà tirẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé nìkan. OKO TI DE lè jẹ́ pé ọkọ̀ ti dé, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ ti dé. ODO TI KUN lè jẹ́ odò, ó sì lè jẹ́ odó. IGBA lè jẹ́ igba ènìyàn, ó lè jẹ́ igbá, ó sì lè jẹ́ ìgbà. Bí ẹni tí ó wà ní ìlú tí omi ń ya wọ̀ bá ń ránṣẹ́, ìyàtọ̀ yìí lè náni ní wákàtí.

Ìlù dùndún ṣe òdìkejì FT8. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé, ó sì ń fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti mọ̀. FT8 ń gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, ó sì ń sọ ohùn nù. Onílù ti ní ọ̀nà tí ó ń gbà yẹra fún àṣìṣe: ó ń lo oríkì àti gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọgbọ́n kan náà ṣeé lò lórí rédíò. ODO OMI KUN kò lè jẹ́ odó, lẹ́tà 11 sì ni pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Kí a kọ 200 dára ju kí a kọ IGBA lọ.

Ọ̀nà kejì ni láti lo ètò kọ̀ǹpútà tí ó mọ UTF-8, gẹ́gẹ́ bí fldigi, èyí tí ó lè gbé gbogbo lẹ́tà Yorùbá lórí àwọn ìlànà tí ó gba báìtì olóbíìtì mẹ́jọ. Ó ní iye tí ó ń gbà. Ẹ́ kékeré, ẹ́, jẹ́ báìtì márùn-ún: mẹ́ta fún ẹ àti méjì fún àmì òkè. Lórí PSK31, níbi tí e jẹ́ lẹ́tà tí ó kúrú jù lọ, ẹ́ ń gbà ju ìlọ́po mẹ́wàá àkókò e lọ. Fún lẹ́tà gígùn tí kò kánjú, èyí kì í ṣe ìṣòro. Fún ìkìlọ̀ tí bátìrì kékeré ń gbé, ẹni tí ń kọ ọ́ ni yóò yàn bóyá àmì ni yóò pa mọ́ tàbí yóò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Àríyànjiyàn

Àwọn háàmù kan kò fẹ́ràn FT8. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà méjì ni ó ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ènìyàn kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó wà ní òdìkejì ju àmì ìpè rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ń lò ó dáhùn pé òun ni ó jẹ́ kí ẹni tí kò ní ilẹ̀ fún òpó gíga, tí kò sì ní owó fún rédíò ńlá, lè dé òdìkejì ayé. JS8Call àti PSK31 dúró láàárín méjèèjì, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn.